Ọ̀bàrà Méjì àti Elégédé: Ohun Tí Ifá Kọ́ Mi Nípa Ìṣọ́wóná

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè ìgbà tí mo máa padà sórí Ọ̀bàrà Méjì, torí a ti fẹnu bà á nígbà kan lórí ọ̀rọ̀ ire ajé, a ò sì parí ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tòní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: ẹni tó bá wá ọfọ̀ tí wọ́n fi ń pe owó wá síbí, kò ní rí i. Owó tó ti wọlé, tí a ò mọ ibi tó gbà jáde, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ó ń tún fóònù ṣe nítòsí ọjà Bódìjà níbí ní Ìbàdàn. Mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa, èlùbọ́ ni ìyá náà ń tà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó jókòó, ó sì tú ọ̀rá dúdú kan sílẹ̀ níwájú mi. ₦60,000 ló wà nínú ẹ̀.

“Bàbá, ẹ bá mi ṣe ẹbọ ńlá. Èyí tí owó á fi máa wá fúnra ẹ̀. Mi ò fẹ́ kékeré.”

Mo ní kó mú owó kékeré kan, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i. Mo kí Ifá, mo da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀bàrà Méjì ló jáde.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́: Ọ̀bàrà Méjì ni Odù keje nínú àwọn Ojú Odù mẹ́rìndínlógún. Tí a bá tẹ̀ ẹ́ sórí ọpọ́n, ẹyọ kan ló máa wà lókè, èjì mẹ́ta á tẹ̀lé e nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ lósì. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń da ẹẹ́rìndínlógún, tí owó ẹyọ mẹ́fà bá ṣíjú sókè, Ọ̀bàrà nìyẹn.

Ìtàn elégédé

Bí àwọn tó kọ́ mi ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ilé awo kan lè sọ ọ́ kó yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì.

Àwọn Odù jọ lọ kí Olófin. Nínú gbogbo wọn, Ọ̀bàrà ló tálákà jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa padà sílé, Olófin fún wọn ní elégédé. Inú bí wọn. Ṣé elégédé lásán làwọn rin ìrìn àjò wá gbà? Ebi sì ti ń pa wọ́n. Wọ́n yà sílé Ọ̀bàrà. Ọ̀bàrà àti ìyàwó rẹ̀ se ìwọ̀nba ohun tó wà nílé, wọ́n gbé e fún àlejò. Àwọn yẹn jẹ, wọ́n mu, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, wọ́n kó elégédé wọn sílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni da pàǹtírí nù.

Ilé gbẹ. Kò sí oúnjẹ mọ́. Ọ̀bàrà mú ọ̀bẹ, ó la ọ̀kan nínú elégédé náà kí wọ́n lè rí nǹkan sè. Ọrọ̀ ló bá nínú ẹ̀. Ó la èkejì, bákan náà ni. Àtìgbà náà ni òṣì ti kúrò nílé Ọ̀bàrà.

Ìtàn yìí ò mọ sílé wa nìkan o. Àwọn ará wa ní Cuba àti Brazil tó ń da ẹẹ́rìndínlógún mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ elégédé mọ́ Ọ̀bàrà dòní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣì í gbọ́ nìyí. Wọ́n á ní: “Ẹ ò rí i, owó dé lójijì!” Èmi, ọ̀bẹ ni mo máa ń rí. Gbogbo wọn ni Olófin fún ní elégédé, ẹnì kan ṣoṣo ló là á. Àwọn tó kù wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ní ó kéré. Ẹ tún wo nǹkan mìíràn: Ọ̀bàrà gba àlejò, ó sì fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ohun tó wà nílé ló sè. Kò lọ yáwó kó tó gbàlejò. Ṣe bó o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n.

Owó inú ọ̀rá dúdú

Mo sọ ìtàn náà tán fún ọmọ yìí, mo wá bi í pé, “Ọmọ mi, owó yìí, níbo ló ti wá?”

Kò dáhùn. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo tún un bi.

“Èsúsú màmá mi ni, Bàbá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Wọ́n ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀ di Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa lọ ra iṣu gbígbẹ. Mo ní tí ẹbọ bá ti dà báyìí, màá ti dá a padà kó tó di Ọjọ́bọ̀.”

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, owó ilé-ìwé ọmọ mi kejì kò tíì pé. ₦60,000 yẹn ì bá tó o, ì bá sì ṣẹ́kù. Mo lè pe ewúrẹ́, mo lè pe ẹyẹlé mẹ́rìndínlógún, ọmọ náà á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wo ọ̀rá yẹn pẹ́.

Ohun tó dá mi dúró ni pé èmi náà ti rìn lọ́nà yẹn rí. Nígbà tí bàbá mi papò dà, mo fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọmọ ló bí. Mo pa màlúù méjì, mo pe onílù, mo ra aṣọ fún àwọn tí kò tiẹ̀ mọ bàbá mi. Owó èlé ni mo yá, èyí tí àwọn ará wa ń pè ní gbọ́mú-lé-lántà. Ọjọ́ kan la fi ṣe ìnáwó náà, ọdún mẹ́ta ni mo fi ń san gbèsè ẹ̀. Nígbà tó wá le tán, mo ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún mi. Ogún bàbá mi ni mo fi ṣe òkú bàbá mi. Tí mo bá kọjá níbi ilẹ̀ yẹn lónìí, ilé alájà méjì ló wà lórí ẹ̀, kì í ṣe tèmi.

Mo bá ti ọ̀rá náà padà sí i. Mo ní, “Gbé e fún ìyá rẹ lónìí, kó o sì fẹnu ara rẹ sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe.” Mo fi ìbò bi Ifá lórí ẹbọ. Ifá gba elégédé kan, ẹyẹlé kan, àti owó díẹ̀. Mo ní kó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, kó fi owó tí òun fúnra rẹ̀ pa ra á wá. Mo sì ní kó mú ìwé kékeré kan dání, kó kọ gbogbo kọ́bọ̀ tó bá jáde lápò ẹ̀ sínú ẹ̀ fún oṣù kan.

A la elégédé náà

Nígbà tí oṣù pé, a jọ jókòó, a ṣírò. Ó gbà kí n sọ ọ́ níbí, tí mi ò bá ti dárúkọ òun. Ohun tó ń wọlé fún un lóṣù jẹ́ ₦110,000. Ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé, kò sanwó ilé. Ohun tó ń jáde nìyí:

Oúnjẹ tó ń rà jẹ níta, ₦1,800 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26: ₦46,800.
Tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: ₦18,000.
Owó ọkọ̀ àti ọ̀kadà: ₦15,000.
Èlé owó tó yá lórí fóònù: ₦15,000.
Dátà àti káàdì ìpè: ₦14,000.
Aṣọ ẹbí àti òde òpin ọ̀sẹ̀: ₦12,000.

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦120,800. Ẹ ti rí i báyìí: ₦10,800 ni àlàfo tó ń yọ lóṣooṣù, owó yíyá ló sì fi ń dí i. Ọmọ náà gbé ìwé yẹn lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá, mo rò pé àwọn ayé ló ń ṣe mí ni.” Mi ò lè sọ pé ayé ò sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ajere pọnmi, kó kọ́kọ́ wo ìdí ajere ná.

Ẹ jẹ́ ká wo èlé yẹn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń kú sí. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń yáni lówó lórí fóònù yá a ní ₦30,000, wọ́n ní kó san ₦37,500 lẹ́yìn ọjọ́ 14. Kò rí gbogbo ẹ̀ san, ó san èlé ₦7,500, wọ́n sún un síwájú. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 56, èlé nìkan ti di ₦30,000, ìyá owó sì wà níbẹ̀ digbí. Lọ́jọ́ tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dípò èlé títí ó fi máa san owó tó yá. Èyí tó wà lórí fóònù yìí kò gbé ọ lọ sóko, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà náà ni.

Ọgbọ́n tí mo fà yọ níbẹ̀

Ìkíní, ẹ máa kà á. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Ifá ń yí po. Lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ fi obì lọ Ifá rẹ, mú ìwé rẹ jáde, kó o ṣírò ohun tó jáde láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn baba wa mọ owó kà ju bí a ṣe rò lọ. Kí náírà tó dé ní 1973, kí pọ́n-ùn òyìnbó tiẹ̀ tó dé, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Tí ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan ní ọ̀kẹ́, ẹ mọ̀ pé 500 okùn ló pé jọ níbẹ̀, ogójì ogójì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìkejì, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ìpamọ́ kẹ́ ẹ tó ná ìyókù. Ẹni tó bá ń dúró de ohun tó máa ṣẹ́kù lópin oṣù, kò ní rí nǹkan kan. Alájọ wà: tó o bá ń dá ₦500 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, ₦15,500 ló máa jẹ́, alájọ á mú ₦500 ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀, wàá kó ₦15,000. Kò sí èrè níbẹ̀, owó ìṣọ́ lò ń san. Torí náà, ẹ bá alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ dá a, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èsúsú náà wà: èèyàn mẹ́wàá dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan á kó ₦100,000. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o, bí ẹni yáwó láìsan èlé ló rí. Ẹni tó kó o kẹ́yìn, ìpamọ́ ló ṣe. Ìdí tí àgbà fi ń sọ pé èsúsú ò lérè, iye a dá là ń kó, nìyẹn. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: jẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kó ṣẹ́kù. Ọ̀pọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, tó bá ti ní onídùúró, èlé wọn kì í sì í ga. Ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ kò ní í sáré lọ bá ayánilówó orí fóònù.

Ìkẹta, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí gbé oúnjẹ láti ilé. Ohun tó ń jẹ lójúmọ́ bọ́ sí ₦900, kò sì pebi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń gbé àdúgbò, èèyàn mẹ́rin lè dáwó ra àpò ẹ̀wà kan, kẹ́ ẹ fi kóńgò pín in. Ó máa ń dínwó ju kí kálukú lọ máa ra kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì máa ra nǹkan lásìkò rẹ̀. Ẹ wo àwọn ìyá wa: nígbà tí iṣu bá pọ̀, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn ọ̀gbẹlẹ̀, ó di èlùbọ́. Nígbà tí iṣu bá wọ́n, àmàlà ò ní wọ́n nílé wọn. Ìyẹn náà, àjẹṣẹ́kù ni.

Ìkẹrin, aṣọ ẹbí kì í ṣe dandan. Mo mọ̀ pé ibí yìí máa dun àwọn kan. Tí wọ́n bá fún ọ ní aṣọ tí agbára rẹ ò ká, wọ aṣọ tó o ní, fi owó díẹ̀ sínú àpò ìwé fún olóde, kó o lọ bá a ṣàdúrà. Ẹni tó bá tìtorí aṣọ bá ọ jà, aṣọ ló ń fẹ́, kì í ṣe ìwọ. Èmi tí mo pa màlúù méjì ló ń sọ ọ́.

Ìkarùn-ún, ẹ má yáwó ṣẹbọ. Mo mọ̀ pé àwọn awo ẹgbẹ́ mi kan ò ní fẹ́ kí n sọ ọ́. Ifá ò béèrè ohun tó máa sọ ọ́ di onígbèsè. Tí ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ bá pọ̀ ju agbára rẹ lọ, fi ọ̀wọ̀ sọ fún babaláwo rẹ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìbò bi Ifá bóyá á gba kékeré.” Kò burú rárá, ojúmọ́ kan ò lè mọ́ kí awo má fi ìbò béèrè nǹkan. Tí awo bá kọ̀ láti béèrè, kí ìwọ náà bi ara rẹ nídìí tó fi kọ̀. Ẹni tó bá sì gbé owó onówó wá ṣẹbọ, ẹ̀jọ́ ló gbé wá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé èmi lọ́rọ̀ pé mo ní kẹ́ ẹ di ahun. Ahun ò fún ara rẹ̀, kò fún ẹlòmíì. Ọ̀bàrà fún àlejò lóúnjẹ. Tí kò bá gbàlejò ni, elégédé ì bá má kù sílẹ̀ nílé rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná lè fúnni, torí ó mọ ohun tó ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí

Ọmọ náà pa tẹ́tẹ́ tì, ó dín dátà kù sí ₦8,000, ó dín òde kù sí ₦3,000. Tí ẹ bá ro ó pọ̀ mọ́ ti oúnjẹ, ₦56,400 ló yọ lóṣù. Àlàfo ₦10,800 dí, ₦45,600 ṣẹ́kù. Ó kọ́kọ́ fi san ₦30,000 orí fóònù yẹn, torí òun ló ń bímọ. Ó wá kù ₦80,000 tó jẹ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù fún un, èyí tí kò ní èlé. Nínú ìwé, oṣù mẹ́ta ló yẹ kí gbogbo ẹ̀ tán. Oṣù márùn-ún ló gbà á, torí ara ìyá rẹ̀ ò yá láàárín, òjò sì wọ ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Mo bi í léèrè nípa ọjọ́ tó gbé ọ̀rá dúdú yẹn padà. Ó ní ìyá òun gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ka owó náà, wọ́n dì í padà, wọn ò sì bá òun sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n gbé oúnjẹ fún òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ní báyìí, ọwọ́ ìyá náà ló ń dá àjọ rẹ̀ sí, ₦500 lójúmọ́. Kò gba owó alájọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ilé-ìwé ọmọ tèmi ńkọ́? Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé, mo bẹ̀ ẹ́, ó gbà kí n san án lẹ́ẹ̀mejì. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Iṣẹ́ ilé tí mo fún yín nìyí: láti òní di ọ̀sẹ̀ Ifá mẹ́rin sí i, ẹ kọ gbogbo ohun tó bá jáde lọ́wọ́ yín sílẹ̀. Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà, ẹ ṣáà kọ ọ́. Ẹ la elégédé yín ná, ká jọ wo ohun tó wà nínú ẹ̀.

Kí Ọ̀bàrà Méjì má jẹ́ ká fojú kékeré wo ire tó wà lọ́wọ́ wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.